Ẹ Mú Ìyá Yín Jáde: Ojú Irin Àtijọ́ Kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn ìyá tí ọmọ wọn ránṣẹ́ pè sí ìlú Òyìnbó láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun.

Bí wọ́n bá ń lọ, ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀hún tán, inú ilé ni. Ọmọ á lọ síbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́, ìyá á sì ku òun nìkan pẹ̀lú ọmọ jòjòló lẹ́yìn fèrèsé pípadé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ fún mi ní mọ́ṣáláṣí pé ẹsẹ̀ àwọn wú níbẹ̀, orúnkún àwọn sì le. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò jáde, wọn á ní, "Àáfà, níbo ni mo fẹ́ lọ? N kò mọ ọ̀nà."

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan hàn yín. Ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, láti Finsbury Park lọ sí Highgate, àti láti ibẹ̀ lọ sí ìhà Alexandra Palace, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Parkland Walk. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 3. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀ rí. Ní 1867 ni ọkọ̀ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀. Ní 1873 wọ́n ya ẹ̀ka kan lọ sí Alexandra Palace, ilé ìgbádùn ńlá tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Ẹ wo iṣẹ́ ayé: ilé náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣí i tí iná fi jó o, ó di 1875 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ní 1954 ọkọ̀ èrò dẹ́kun lójú irin náà. Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń gbà á fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí ó yá wọ́n hú irin kúrò.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló dé tí ojú irin àtijọ́ fi dára fún ìrìn àgbàlagbà? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ irin lórí irin a máa yọ̀, ọkọ̀ ojú irin kò sì lè gun òkè tí ó ga jù. Nítorí náà, níbi tí òkè wà, àwọn tí ó la ọ̀nà gbẹ́ ẹ. Níbi tí ilẹ̀ ti jìn, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ kún un. Òkè pọ̀ ní agbègbè yẹn, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yìí díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ń ga. Mọ́tò kò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́.

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ni a jọ rìn ín. Mọ́ṣáláṣí kan wà ní St Thomas's Road, nítòsí ibùdókọ̀ Finsbury Park. Ibẹ̀ ni a ti kírun Àílà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Igi wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀ka wọn sì pàdé lókè bí àtíbàbà. Ní Crouch End, pẹpẹ tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ṣì wà lápá méjèèjì. Ìyá fara tì í, ó ní òun ń dúró de ọkọ̀ Òṣogbo. Nítòsí ibẹ̀ ni ère iwin kan ti yọrí jáde láti inú ògiri. Láti 1993 ni wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Ìyá kígbe pé "A-úsù billáhi!", ẹ̀rín sì pa wá. Ère lásán ni, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ní Highgate a rí ihò ńlá tí ọkọ̀ ń gbà wọ abẹ́ òkè láyé ọjọ́sí. Wọ́n ti dí i mọ́ ènìyàn. Àdán ni ó ń gbé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti sinmi, níbẹ̀ náà sì ni ìyàwó àbúrò mi ti gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ìyá òun a máa sunkún lóru. Wọ́n ti jọ wà nínú ilé kan fún oṣù méjì, kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò jáde lórí àga ìjókòó jáde lójú ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú ìrìn báyìí kò yẹ obìnrin Mùsùlùmí. Ìtàn tí a mọ̀ ni pé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá Àíṣà ìyàwó rẹ̀ sáré ìje nígbà ìrìnàjò. Àíṣà ló kọ́kọ́ borí. Nígbà tí ó pẹ́, Ànábì náà borí, ó sì fi bá a ṣe àwàdà. Ẹ tún rántí Hájì. Láàrin Sọfá àti Mọ́riwá, ìrìn ẹ̀ẹ̀meje tó kìlómítà 3, kò sì jìnnà sí ti Finsbury Park sí Highgate. Ẹsẹ̀ tí ó ti jókòó láti ọdún dé ọdún, báwo ni yóò ṣe rin ín?

Ìmọ̀ràn díẹ̀ nìyí. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, nítorí ẹrẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn òjò. Àwọn ẹnu ọ̀nà kan ní àtẹ̀gùn, kí ẹni tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wá ibi tí kò ní. Kò sí iná lójú ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù Kejìlá oòrùn ń wọ̀ kí aago 4 tó lù. Owúrọ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe dán an wò lójú irin tí ọkọ̀ ń gbà. Ikú ni.

Kí a tó parí, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà yìí kò ṣàdédé wà. Nígbà tí irin kúrò, ìjọba ìlú fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò pàdé, wọ́n kọ̀wé, wọ́n rojọ́ títí wọ́n fi ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ ní 1984. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ ọ̀nà mọ́tò tún dé, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ní 1990 ó di ibi tí òfin dáàbò bò fún igi àti ẹranko. Ànábì kọ́ wa pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Àwọn tí kò mọ ìyá wa rí ni ó jà kí ó lè rí ibi rìn. Kí ni yóò dá ọmọ tirẹ̀ dúró láti mú un débẹ̀?

Ọmọ tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ìyá rẹ̀ ṣe dáadáa. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni ó kù. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí àwọn ìyá wa sunkún nílé ọmọ wọn. Àmín.