Àkàrà Gba Oyè ní Bràsíl, Yúróòpù Kọ Ẹ̀wà Wa

Ìjà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yìí ti sú wa. Ojoojúmọ́ làwa àti àwọn ará Gánà ń bú ara wa lórí fóònù nítorí ta ló mọ̀ ọ́n sè jù. Sẹ̀nẹ̀gàl, ilẹ̀ Wolof tí orúkọ jọ̀lọ́ọ̀fù ti wá, gbé ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja tiwọn, lọ síwájú UNESCO. Ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Oúnjẹ a máa wọ ilé tí aṣojú ìjọba kò lè wọ̀.

Ṣé àwa ò ní èyí tí a lè rán níṣẹ́ ni? Àkàrà ńkọ́? Àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bàhíà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn.

Àwa tí a ni ín ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n sì fa òfin náà gùn lọ́dún kejì. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò, ló pọ̀ nínú ẹ̀wà náà ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Àbújá nìkan nìyẹn. Ẹ dúró ní Fìdítì tàbí Ìlọrà láàárọ̀, kí ẹ wo àwọn tó ń ra àkàrà: ọmọ iléèwé, awakọ̀, àwa náà. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lókè òkun, ikùn ta lẹ rò pé irú rẹ̀ ń lọ?

Àwọn kan á ní kí àwọn aṣojú wa lókè òkun máa se àsè. A kì í fi ẹ̀wà olóògùn ṣe àlejò. Àpò onípele mẹ́ta wà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìlo oògùn kankan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Afijió bá àwọn alẹ́wà ọjà wa wá a. Kí àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò yẹ tiwa wò kí wọ́n tó yẹ ti òyìnbó. Lẹ́yìn náà, kí Nàìjíríà pe Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Bràsíl, kí wọ́n jọ gbé àkàrà lọ síwájú UNESCO.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àkàrà Fìdítì kọ́kọ́ ṣe ọmọ Fìdítì lóore ná.