Àwọ̀n Híhun Kò Fọ́ Ẹ̀ṣọ́ Lójú

Ẹ̀yin ará Òjó, ẹ̀yin ará Ìbá, ẹ̀yin ará Okokomáíkò, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Àgbádárìgì, ẹ̀yin tí fèrè ológun láti inú bárékè Òjó ti di àkùkọ ìdájí fún, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àgbà àti èwe, lẹ́nu ọ̀gá ṣọ́jà àti lẹ́nu onílé tó gba mègádì, ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ibi tó ti wá mọ́. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ òru tó bá ní nǹkan lọ́wọ́ kò ṣọ́nà mọ́. Wọ́n ní bí ẹ bá bá ṣọ́jà nídìí ọpọ́n ayò, tàbí tí ẹ bá a tó ń gbẹ́ igi, tó ń hun nǹkan tàbí tó ń kàwé nínú yàrá gáàdì, ọ̀tá ló ń bá ṣeré. Mo gbọ́ ọ títí, ó sú mi, mo sì dìde láti dá a lóhùn pé irọ́ ni, àti pé irọ́ náà ń sọ ẹ̀ṣọ́ rere di ẹ̀ṣọ́ búburú.

N kò fojú kéré ohun tó ń ba àwọn tó ń sọ ọ́ lẹ́rù. Ta ni nínú wa nílùú Èkó tó gbàgbé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, nígbà tí iná wọ ilé àgbá ní bárékè Ìkẹjà, tí ilẹ̀ mì tìtì, tí ìyá ń wá ọmọ, tí ọmọ ń wá ìyá nínú òkùnkùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sáré kó sínú odò Òkè-Àfà láìmọ̀ pé omi ni, títí àwọn tó kú fi ju 1,000 lọ? Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí ìyẹn kò ní gbà kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣọ́ ibùdó ológun. Èmi náà kò gbà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ṣe iyebíye lójú mi gan-an ni n kò ṣe lè dákẹ́ kí wọ́n máa fi òfin tí kò lọ́gbọ́n nínú bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Òru ẹ̀ṣọ́ jẹ́ wákàtí 12, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ìlànà tí àwọn ọmọ ogun ti ń tẹ̀ lé láti ayé àwọn òyìnbó wá ni pé ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n ń yàn sí ibi ìdúró kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún wákàtí méjì, yóò sì sinmi fún mẹ́rin. Ẹ ṣírò ó bí ó bá ṣe wù yín, wákàtí mẹ́rin péré ni ọkùnrin kan fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Mẹ́jọ ṣẹ́kù. Nínú mẹ́jọ yìí kò gbọdọ̀ bọ́ bàtà, kò gbọdọ̀ tú bẹ́líìtì, kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìbọn rẹ̀, bí wọ́n bá sì pariwo, ó gbọ́dọ̀ dìde kí ariwo náà tó tán. Wákàtí mẹ́jọ yìí ni ìjà èmi àti ẹ̀yin dá lé. N kò sọ pé kí ẹni tó wà lórí ìdúró máa ta ayò. Ẹni tó bá sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ó purọ́ mọ́ mi.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti fi èjìká gbé ìbọn rí. Ní ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ, tí kò sì sí ní àdúgbò wa níhìn-ín, èmi àti ọmọkùnrin Àwórì kan jọ ń ṣe gáàdì. Etí omi Òjó ni wọ́n bí i sí, apẹja sì ni baba tó bí i. Bí ó bá ti kúrò lórí ìdúró, tó ti jábọ̀ fún ọ̀gá gáàdì, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò gbé ìbọn rẹ̀ sáàárín eékún méjèèjì, yóò sì yọ abẹ́rẹ́ àwọ̀n jáde lápò. Ọparun ni abẹ́rẹ́ náà, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní ahọ́n tín-ín-rín kan láàárín tó ń yí òwú mọ́. Pákó pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tó fi ń wọn ojú àwọ̀n kí ọ̀kan má baà tóbi ju èkejì lọ. Yóò fa òwú gba orí pákó, yóò tì í bọ ojú tó wà lókè, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò jù ú sí òsì, yóò fà á le: kókó kan ti dé. Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, etí rẹ̀ sì wà níta, nítorí ìka ọmọ apẹja ti mọ kókó kí ojú rẹ̀ tó mọ lẹ́tà.

Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ẹni tó wà lórí ìdúró kígbe. Kí èmi tó rí fìlà mi, àwọ̀n ti wà nílẹ̀, ọmọ Àwórì ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Màlúù tó já lókùn ni a bá níbẹ̀; kò burú, ẹni tí kò bá lè dìde fún màlúù kò ní dìde fún olè. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà náà, ọ̀gá tó ń yẹ gáàdì wò ti bá ẹlòmíràn nínú wa lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́, tí kò ní ayò, tí kò ní ìwé, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ọ̀gá fa ìbọn yọ láàárín eékún rẹ̀, ó gbé e lọ, ọkùnrin náà kò mira. Ìbáwí ẹnu ni wọ́n fi yanjú ọ̀ràn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá yìí kan náà rí àwọ̀n, ó ká a, ó sọ ọ́ sínú iná tí wọ́n fi ń jó pàǹtí, ó sì ti ọmọ Àwórì mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni iná náà jẹ. Ó ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi.

Àwọn tó fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ jókòó láìní ohun kankan lọ́wọ́ gbà pé ojú tó là ni ojú tó ríran. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi rédà wá ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń pàdánù ohun tó wà níwájú wọn gan-an, oorun kò sì kùn wọ́n. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Norman Mackworth, wá ṣe aago kan láti fi dán ọ̀rọ̀ náà wò: ọ̀pá aago náà ń fò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò fo ìlọ́po méjì, ẹni tó jókòó tì í fún wákàtí méjì yóò sì tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tó bá rí i. Ní ọdún 1948 ló tẹ èsì rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn náà ti ń jẹ́ kí ìfò náà kọjá lọ lójú wọn tó là kedere. Kí ló tún wọn ṣe? Kí ẹlòmíràn gba ipò wọn fún ìdajì wákàtí, tàbí kí tẹlifóònù dún láàárín kí wọ́n gbọ́ ohùn ènìyàn. Ní ọdún 2009 ẹ̀wẹ̀, onímọ̀ mìíràn, Jackie Andrade, ní kí ènìyàn 40 máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó súni lórí tẹlifóònù. Ó ní kí àwọn kan máa fi pẹ́ńsù kun àwòrán bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, àwọn yìí ló sì rántí ohun tí wọ́n gbọ́ ju àwọn tó jókòó lásán lọ, pẹ̀lú ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí òyìnbó tó kun àwòrán.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn: ẹ ó ní fóònù ńkọ́? Níhìn-ín, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá. Ojú ènìyàn kì í mọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan. Ó ń tó ìdajì wákàtí kí ó tó bá a mọ́ra tán, ìmọ́lẹ̀ fóònù ní ìṣẹ́jú kan a sì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń wo fóònù nínú gáàdì yóò jáde sórí ìdúró bí afọ́jú. Iṣẹ́ tí mò ń gbèjà ni èyí tí ìka lè ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, tí ènìyàn lè jù sílẹ̀ láìkẹ́dùn. Mo fẹ́ràn ayò o, ihò 12, ọmọ ayò 48, mo sì ti jẹ́ ọ̀ta láàárín ẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, ariwo ọ̀ta àti ọ̀pè a máa bo ohùn ẹni tó ń képe gáàdì mọ́lẹ̀. Àwọ̀n ló dára jù. Igbá fínfín náà dára.

Ẹ má sì sọ pé àjèjì ni èyí jẹ́ fún ogun. Ògún aládàá méjì, Ògún onírè, ọ̀kan nínú àdá rẹ̀ kì í ṣe ti ìjà, oko ló fi ń ro. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì tán títí di 1893, ibùdó ogun di ìlú tó ní ilé àti oko, Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, pàápàá sì kú sí ibùdó ní 1885. Ṣé ẹ rò pé àwọn jagunjagun ọdún mẹ́rìndínlógún káwọ́ gbera tí wọ́n ń wo igbó ni? Ní ilẹ̀ òkèèrè, ní 1914, Ludwig Wittgenstein, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nì, wà lórí ọkọ̀ ogun Goplana ní odò Vistula, òun ni wọ́n fi sídìí iná ńlá tí wọ́n fi ń wá ọ̀tá lóru. Ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ sí nínú ogun náà ló di ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó jáde ní 1921.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá gáàdì kò pọ̀. Kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, kí wọ́n sì dá abẹ́rẹ́ padà fún wọn. Kí ẹ̀yin onílé náà yé pẹ̀gàn mègádì tó ń hun agbọ̀n lẹ́nu géètì yín.

Ọmọ Àwórì yẹn ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí etí omi Òjó. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ jókòó tì í nírọ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀sà. Ó ní, «Ìdòwú ló ń bọ̀ yẹn, kò rí ẹja pa.» Mo wo omi títí kí n tó rí ọkọ̀ ojú omi kankan.