Ẹ Fi Ẹran Sí Àwo Tiyín Náà

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni mo bá wá lónìí.

Gbogbo ayé mọ̀ pé àwa Èkìtì la ni iyán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ná ọjà Ìkẹ́rẹ́ tàbí ti Adó, tó wá wọ Ìjàn nígbà tílẹ̀ ti ṣú, ṣé ó tún lè gbé ọmọ odó? Sùpàgẹ́tì àti adìẹ ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré sè. Àwọn kan ní oúnjẹ ọ̀lẹ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé baba á jẹ itan, àwọn ọmọ á pín àyà àti apá, ìyá tó ra adìẹ tó sì sè é á wá máa fi ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ sùpàgẹ́tì lásán. Kò dáa!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Họ́mónù ni àwọn ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin ń dáwọ́ dúró, tí họ́mónù obìnrin sì ń lọ sílẹ̀. Ooru á kàn ṣàdédé mú èèyàn, oorun á dínkù, egungun á máa fẹ́lẹ́, agbára á máa dínkù. Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara fi ń tún ara ṣe. Sùpàgẹ́tì nìkan ò lè ṣe é. Ṣúgà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì, tí òun náà jẹ́ họ́mónù, á sì máa ṣe làálàá lé e lórí.

Bí ẹ ṣe máa sè é rèé. Ẹ gé adìẹ wẹ́wẹ́ kó lè tètè jinná, ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀. Omi ẹran yẹn ni kí ẹ fi se sùpàgẹ́tì, bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ da ata díndín sí i, kí ẹ wá rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ lé e, kó pọ̀ dáadáa. Nínú àwo, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí ẹran àti sùpàgẹ́tì pín ìdajì tó kù. Iyọ̀ tó ní áyódìnì ni kí ẹ lò, torí àìsí rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ níwọ̀n nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ́mónù dẹ́rù bà yín nítorí adìẹ ágíríìkì. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣà bí àti oúnjẹ rẹ̀ ló ń mú un tètè tóbi.

N ò sọ pé ìkòkò yìí jẹ́ oògùn o. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró tó ọdún kan, tí ẹ tún wá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má mu àgbo, ẹ má ra oògùn alátẹ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.

Wọ́n lè ní ìyá tó bu ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ láhun. Ẹ bi wọ́n pé bí ìyá bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò lọ sọ́jà? Lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ bu tiyín. Ọjà á tà o!