Kì í Ṣe Ọjọ́ Ogbó Nìkan

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ wo àwọn ìyá àgbà àárín wa. Ẹni tó máa ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọjà láìsinmi, ó ti ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ìsọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lálẹ́, bàtà ò gbà á mọ́. Tó bá sùn, èémí ò délẹ̀, àfi kó to ìrọ̀rí mẹ́ta léra wọn. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní, "Ọjọ́ ogbó ni, ọmọ mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ti ń rẹ̀.

Kí ló ń rẹ ọkàn? Nílẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pọ̀ jù. Láàárín 2009 sí 2010, àwọn dókítà ní Federal Medical Centre, Abẹ́òkúta, ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́. Nínú 100 wọn, bíi 78 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Gbogbo wa la mọ ẹ̀rọ ìlọta. Tí wọ́n bá ń ki ata gbígbẹ sí i lójoojúmọ́ láìfi omi sí i, kò ní dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í pariwo. Tó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lemọ́lemọ́, ó ti ga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń tajà, tá a ń rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe wa ni pé a ó lo oògùn lóṣù kan, ara á fúyẹ́, a ó bá jù ú sílẹ̀. Oògùn náà ló mú ara fúyẹ́! Àwọn mìíràn ń yá ara wọn lóògùn bí ẹní yá ata. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen tí à ń gbé mì lálaalẹ́ náà máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń dá omi dúró sára. Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó lò ó. A ò ní kẹ́ ẹ má jẹ dòdò Ìkirè, òun ló gbé orúkọ wa jáde. Iyọ̀ àti Maggi inú ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ dín kù.

Ẹ tún gbọ́ èyí: tí àrùn ọkàn bá kọ lu àgbàlagbà, àyà lè má dùn ún rárá. Èémí lè ṣàdédé há, kó máa làágùn, kó rẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀. Ẹ má sọ pé kó lọ sinmi. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọdọọdún là ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká dá owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan fún Ìkirè, ọ̀kan fún Àpòmù. Ká pe nọ́ọ̀sì sí ìpàdé, ká wọn gbogbo ìyá kó tó kan owó ẹgbẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Aṣọ ẹgbẹ́ dára lára alààyè. Ọjà á máa rí wa o.