"Ẹ Jẹ́ Kó Ṣáà Wọlé Ná": Irọ́ Tí Àwọn Òbí Ń Fowó Rà

Ẹ̀yin òbí wa ní Opebi, láti Allen títí dé ẹsẹ̀ bírìjì tuntun tó lọ sí Mende, àti ẹ̀yin tó wà lọ́nà Ọ̀gbà àti Agége, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín bí WAEC bá ti ku oṣù díẹ̀. Ìyá kan á ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣáà wọlé ná. Tó bá dé yunifásítì, á kàwé." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kín in lẹ́yìn pé gbogbo ayé ló ń ṣe é, ọmọ tí ò bá ṣe é ló máa jókòó sílé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé tó ti wà láti JSS 1, tí wọ́n ń gbé e lọ sí miracle centre, níbi tí olùkọ́ ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó.

Irọ́ ni. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà ti wí tiwọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí ẹ ń san níbẹ̀ kì í gbé ọmọ wọ yunifásítì. Ẹ mú bírò, ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lo Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa máa ń kọ́kọ́ mú. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni wọ́n fi ń wọn ọmọ. JAMB ló ni 50. Ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, èyí tí à ń pè ní post-UTME, ló ni 30. WAEC tí ẹ tìtorí rẹ̀ lọ yáwó ní àjọ, 20 péré ni. Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń kà níbẹ̀: A1 jẹ́ máàkì 4, B3 jẹ́ 3.2, C6 jẹ́ 2. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba B3 márùn-ún ní 16. Ọmọ tí wọ́n bá kọ A1 márùn-ún ní 20. Máàkì mẹ́rin ni gbogbo ohun tí ẹ rà. JAMB sì rèé, 400 ni wọ́n ń fi 8 pín kó tó di 50. Ẹni tó bá fi máàkì 32 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní JAMB ti gba mẹ́rin yẹn padà pátápátá. Kódà ọmọ tó gba C6 márùn-ún, tí kò ní ju 10 lọ, máàkì 80 ní JAMB ló máa fi bá ọlọ́lá A1 dọ́gba. Ọmọ tó lo gbogbo SS3 láti máa dúró de ìdáhùn lórí pátákó, níbo ni yóò ti rí 80 yẹn? Ta ni yóò sì kọ post-UTME fún un? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Àwọn yunifásítì náà mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò tiwọn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1977 ni ìbéèrè WAEC já síta káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ń pè é ní Expo 77, títí orúkọ náà fi mọ́ wa lẹ́nu. Ìjọba ológun ṣòfin ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún un ní 1984. Òfin 1999 tó wà nílẹ̀ báyìí ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé tó bá lọ́wọ́ sí i. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gba àṣẹ ìdánwò lọ́wọ́ ilé-ìwé 324. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn yín jù ni ti 2005. Àwọn olùkọ́ yunifásítì rí i pé àwọn ọmọ tó gba máàkì ńlá ní JAMB ò lè dáhùn ìbéèrè kékeré lójú wọn, ni post-UTME bá dé. Wọ́n dá a dúró ní 2016, ó tún padà. Owó post-UTME tí ẹ ń san àti làálàá ìdánwò kejì yẹn, àwọn tó ra expo lánàá ló gbé e lé ọmọ yín lórí.

Ẹ ó ní ìjọba pàápàá ò ṣe dáadáa. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí dé egungun. Ní ọdún 2025, àwọn ọmọ wa fi tọ́ọ̀ṣì kọ Gẹ̀ẹ́sì WAEC lóru. Ọdún náà ni ìdánwò JAMB ọmọ 379,997 dàrú ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà sunkún ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì fi pẹ́ dé? WAEC fúnra wọn ló sọ ọ́: wọn ò fẹ́ kó já síta ni. Expo ló fi ọmọ ọlọ́mọ sínú òkùnkùn. Nígbà tí JAMB sì ní kí àwọn ọmọ Èkó wá tún un kọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ tí ìwé wà lórí rẹ̀ kàn dìde, ó lọ kọ ọ́ ni. Ọmọ tí ẹlòmíràn bá kọ ti àkọ́kọ́ ní láti tún wá ẹni náà rí.

Wíwá ẹni náà sì ti ń le. Ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ lọ́dún kan náà rí ènìyàn 4,251 tí wọ́n da ìka ọwọ́ tiwọn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn níbi ìforúkọsílẹ̀, 190 tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà da ojú méjì pọ̀ sínú fọ́tò kan, àti 1,878 tí wọ́n purọ́ pé àfín ni àwọn. Àṣírí gbogbo wọn ló tú.

Bí WAEC bá fura sí sẹ́ńtà kan ńkọ́? Wọ́n á dá èsì dúró. Yunifásítì kì í dúró de èsì ẹnikẹ́ni, máàkì JAMB ọdún yìí kò sì wúlò lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún kan ti lọ nìyẹn, ọmọ tí kò jí nǹkankan wò nínú gbọ̀ngàn náà á sì bá wọn jìyà.

"Á kàwé tó bá dé ọ̀hún." Pẹ̀lú kí ni? Ìṣirò ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí SS3 parí sí. Ẹni tí kò mọ ti SS3, wọn ò ní dúró kọ́ ọ níbẹ̀. Wọ́n á kìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá pè yín sípàdé òbí lọ́dún yìí, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù dá owó "ìrànlọ́wọ́" fún WAEC, ẹ dìde lójú gbogbo ènìyàn, ẹ ní ẹ ò dá a. Ẹ fi owó náà san owó lẹ́sìn, kí ẹ sì ra ìwé ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá fún ọmọ yín láti òní lọ.