Ìwádìí Áljébrà ní Yunifásítì: Kí Ni Ó Kan Ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Níbẹ̀?

Ẹni tí ó ń ná ọjà ọrọọrún mọ̀ pé bí ọjà bá pé lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni yóò tún pé. Ọjọ́ ọjà tí a kà mọ́ ọn ni ó sọ ọ́ di ọrọọrún. Bí a bá bi í bóyá ogójì ọjọ́ sí i yóò bọ́ sí ọjọ́ ọjà, yóò pín ogójì ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bí kò bá ti ṣẹ́kù, ọjọ́ ọjà ni.

Irú ìṣirò àṣẹ́kù yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ áljébrà ń wádìí. Áljébrà ti yunifásítì kọjá wíwá iye x tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama; òfin tí ìṣirò fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1977, Rivest, Shamir àti Adleman fi ìṣirò àṣẹ́kù ṣe ọ̀nà ìpàṣírímọ́ tí à ń pè ní RSA. Nọ́ńbà ńláńlá méjì ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ẹni tí ó bá rí àbájáde nìkan kò lè tètè mọ àwọn méjì tí ó bí i. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń dáàbò bo ìsọfúnni wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Aderemi Kuku, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1971 lórí ẹ̀ka áljébrà tí a mọ̀ sí K-theory. Ó lọ ṣe apá kan ìwádìí náà lọ́dọ̀ Hyman Bass ní Yunifásítì Columbia, New York. Ó lọ, ó sì padà wá kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní 1982 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìṣirò Áfíríkà láti 1986 sí 1995.

Ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí. Kuku papòdà ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2022; ní ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ó gba oṣù mẹ́jọ. Ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ó rí ààyè ní òkè òkun lẹ́yìn irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá a wí?

Ìwádìí áljébrà kò béèrè ilé àyẹ̀wò olówó ńlá. Iná, íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé, àkókò tí kò já, àti àgbà tí yóò tọ́ni sọ́nà ni. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó le jù. Bí àgbà kan nínú K-theory bá fi ẹ̀ka sílẹ̀, onímọ̀ ìṣirò mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìṣirò ìṣàn omi kò lè gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tọ́. Wọ́n ní láti yí iṣẹ́ padà, tàbí kí wọ́n bá a lọ.

Láti ọdún 2020 ni yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní èrò tiwa, owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé mélòó kan, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò kọ́ni níhìn-ín fún ọdún díẹ̀, yóò ṣe ẹ̀ka ìṣirò láǹfààní ju ilé alájà tuntun lọ.