Ta Ni Yóò Sáré Ju Ìmọ́lẹ̀ Lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ ènìyàn yóò sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, tí yóò máa ti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ẹnu dùn ún ròfọ́! Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀, láti Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, ó ń lò ju ọdún 4 lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí Voyager 1 tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ní 1977 bá fẹ́ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, yóò gbà á ju 70,000 ọdún lọ.

Ẹ ó ní, ṣebí wọ́n sọ pé bàálù náà kò lè fò? Mo kọ̀ ọ́! Kí bàálù tó dé ni ẹyẹ ti ń fò lójú wa. Kí ni ẹ rí tó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀? Ní CERN, nítòsí Geneva, wọ́n ń lé èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù títí eré rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Bó ti wù kí wọ́n fi agbára kún un tó, kò bá a rí.

Èmi ò ní ká má wo ìràwọ̀ o. Ohun tí mo kọ̀ ni pé ká máa ba ayé yìí jẹ́, ká wá fọkàn sí i pé a óò rí ibòmíràn kó lọ. Ilé kan ṣoṣo la ní. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.